Èkó: Ìbẹ̀rù Lọ́tọ̀, Ewu Lọ́tọ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti sé gbogbo ará ìlú mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, oorun dá lójú àwọn ará Agége, Ìyànà Ìpájà, Abúlé Ẹ̀gbá, Alágbàdo, títí dé Ìfọ̀ àti Sango Ọ̀tà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, àwọn ọkùnrin àdúgbò á yí táyà jáde, wọ́n á dáná sun ún ní ìkòríta, wọ́n á mú àdá àti kóńdó lọ́wọ́, ó di ìdájí kí wọ́n tó wọlé. Àwọn ọmọ ìta kan tí wọ́n ń pè ní "One Million Boys" àti àwọn "Awawa" ni wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá jà wọ́n lólè. WhatsApp ni ìròyìn náà ń bá wọlé. Wọ́n ní wọ́n ti wọ òpópónà kejì. Wọ́n ní wọ́n ti kọ lẹ́tà sí àdúgbò kan pé kí wọ́n máa retí àwọn.

Olè jà lóòótọ́ lásìkò náà. Ebi ń pa ìlú, iṣẹ́ ti dúró, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn sì kọlu ara wọn níbì kan tàbí òmíràn. Àmọ́ Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá Èkó nígbà náà, Hakeem Odumosu, jáde sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ariwo ọ̀hún kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iná tí àdúgbò kan dá ni èkejì rí tó fi dá tirẹ̀. Ariwo tí èkejì pa ló sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbà pé olè ti dé tòótọ́. Ara wọn ni wọ́n ń ṣọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ààbò ṣe máa ń rí nìyẹn ní ìlú ńlá. Ohun tí ará Èkó ń bẹ̀rù àti ohun tó ń ṣe ará Èkó ní jàǹbá kì í sábà jẹ́ ohun kan náà. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ní ìlú tí èrò rẹ̀ ju mílíọ̀nù 15 lọ, àfojúbà ẹnì kan kò kọjá òpópónà tó ń gbé àti ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo ìyókù, ìròyìn ni. Ẹni tí ìròyìn bá sì ti kó láyà jẹ tán, ojú rẹ̀ kì í rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ mọ́.

Orúkọ burúkú tí Èkó ní kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí ìbọn ti pọ̀ nílẹ̀, ìjọba ológun Gowon ṣòfin ní 1970 pé ikú ni fún ẹni tó bá fi ohun ìjà jalè. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, tó ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà, ní etíkun Bar Beach, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, lójú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò tó wá wòran. Àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà ṣì ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ẹ̀rù máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ.

Ẹ wo Oṣòdì. Nígbà kan, ọjà ló gba ojú títì àti ojú irin níbẹ̀, jàgùdà sì ń rìn láàárín èrò bó ṣe wù ú. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá kó ọjà náà kúrò lójú ọ̀nà. Ní 2019, Ààrẹ Buhari ṣí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Oṣòdì, àpò ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èrò máa ń lọ. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ṣọ́ àpò wọn. Jàgùdà kò tán níbẹ̀. Àmọ́ ẹni kan náà tó di àpò mú gírígírí ní Oṣòdì ni yóò gbé fóònù sí ẹnu wíńdò ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2, tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ilé rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó fi Mile 2 dẹ́rù bà á nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ẹlòmíràn á ní ká fi ìtàn sílẹ̀, ká wo ìṣirò. Ó dára. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, kó ẹ̀sùn ọ̀ràn tí àwọn ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ fún ọdún 2017. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 134,663. Èkó nìkan kó 50,975, ìyẹn ìdá 37.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Katsina ló gbẹ̀yìn pẹ̀lú 120. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà 120 o. Ọgọ́fà péré, fún odidi ọdún kan, ní ìpínlẹ̀ tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka èrò tó ju mílíọ̀nù 5.8 lọ.

Bí ìṣirò yẹn bá jẹ́ òtítọ́ bó ṣe wà, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ ní Èkó ì bá ti di ẹrù rẹ̀, kó gba Katsina lọ. Àmọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní Kankara, ní ìpínlẹ̀ Katsina kan náà, wọ́n sì kó ọmọ tó ju 300 lọ wọ inú igbó.

Ìwé ẹ̀sùn ni wọ́n kà ní 2017, wọn kò ka olè. Ibi tí tésàn ọlọ́pàá bá wà nítòsí, tí ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ ń wá ìwé tí yóò fi gba síìmù padà, tí ilé iṣẹ́ adójútòfò kò ní san kọ́bọ̀ láìrí ìwé ọlọ́pàá, ẹ̀sùn á pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí tésàn bá wà ní ọ̀nà jíjìn réré, tí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ń sá fún agbébọn, ta ni yóò kọ kí ni sílẹ̀? Ìpínlẹ̀ tó ń kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ ló gba orúkọ burúkú. Èyí tí kò kọ nǹkan kan wá dà bí ibùgbé àlàáfíà.

Ọ̀nà kejì láti ka ọ̀ràn ni kí wọ́n máa lọ bá àwọn ènìyàn nílé, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tójú wọn rí. NBS ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù karùn-ún 2023 sí oṣù kẹrin 2024. Àbọ̀ rẹ̀ da èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Wọ́n ṣírò pé ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀ràn mílíọ̀nù 51.89 ló dé bá àwọn agbo ilé ní Nàìjíríà. Ìgbèríko kó mílíọ̀nù 26.5 nínú rẹ̀, ìgboro kó mílíọ̀nù 25.4. Ìyàtọ̀ ti ìjínigbé tún wá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 2,235,954 tí wọ́n ṣírò, 1,668,104 ló ṣẹlẹ̀ ní ìgbèríko. 567,850 ni ti ìgboro.

Ìwádìí náà ní àléébù tirẹ̀. Ènìyàn máa ń gbàgbé, ó sì máa ń fi kún un. Iye tí wọ́n bá rí nínú agbo ilé tí wọ́n bẹ̀ wò ni wọ́n sì fi ń ṣírò ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orí rẹ̀ búra lórí nọ́ńbà tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó kọjú sí hàn kedere. Ìlọ́po mẹ́ta ìjínigbé ìgboro ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìgbèríko.

Ó wá kù sí ìyá tó wà lábúlé, tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Èkó láràárọ̀ pé kó ṣọ́ra o, gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà oko ìyá náà léwu ju ọ̀nà ibi iṣẹ́ ọmọ lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ní Ẹmùré-Èkìtì, wọ́n dá bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ dúró, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ. Ọmọ tó wà ní Èkó ló yẹ kó máa pe ìyá.

Èyí kò sọ Èkó di ọ̀run rere. Wọ́n ti jí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbé ní Ìkòròdú ní 2016, wọ́n sì jí ọmọkùnrin mẹ́fà gbé ní Igbónlá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn ọmọ náà sì lò ju oṣù méjì lọ lọ́wọ́ ajínigbé. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kò nílò ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ibi tí àwọn ènìyàn ń nàka sí, ewu kì í sábà sí níbẹ̀.

Nínú Èkó fúnra rẹ̀, owó ló ń ya àwòrán ewu. Sọ níbi àríyá ní Lẹ́kì pé Múṣin lo ti wá, kí o wo bí wọ́n ṣe máa béèrè ibi tí o gbé mọ́tò sí. Àmọ́ nígbà tí ọlọ́pàá mú Chukwudumeme Onwuamadike, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Evans, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2017, Múṣin kọ́ ni wọ́n ti mú un. Wọn kò mú un ní Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá ajínigbé náà ń gbé nínú ilé ńlá ní Màgòdò, ní ẹ́sítéètì tó ní géètì, tí mẹ́gádì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ san owó gọbọi kí olè má baà wọlé, wọn kò mọ̀ pé òun náà wà lára àwọn tí géètì ń dáàbò bò. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga Èkó jù ú sẹ́wọ̀n gbére. Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba ọmọ ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù dàgbà, ibẹ̀ ni Daddy Showkey ti kọrin dé gbangba.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin Èkó nípa dánfó, kí wọ́n má lọ wọ ọkọ̀ "one chance", tí àwọn olè ń fi kó èrò. Ìkìlọ̀ gidi ni, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT dé, tí ọkọ̀ náà ní àwọ̀ tirẹ̀ àti nọ́ńbà lára, ọ̀pọ̀ ènìyàn mí kanlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2022, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan wọ BRT ní Lẹ́kì lálẹ́, ó ń lọ sí Oṣòdì. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún awakọ̀ náà. Ọmọbìnrin náà ti fi fóònù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti inú ọkọ̀ pé ọkàn òun kò balẹ̀. Ojú rẹ̀ rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Àwọn ewu tó ń ṣe ojoojúmọ́ kì í pariwo. Fóònù jíjí ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí NBS yẹn ti wí: ìdá 13.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi léèrè. Ìyà tí ọkọ ń fi jẹ aya, ìfipábánilòpọ̀ láti ọwọ́ ìbátan tàbí aládùúgbò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló ń dé iwájú DSVA lọ́dọọdún, àjọ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Géètì kò lè ran ẹni tí oníkà rẹ̀ ti wà nínú ilé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ọ̀nà: Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ka ènìyàn 5,421 tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Nàìjíríà ní 2024. Kò sí ẹni tó dáná táyà ní ìkòríta nítorí wọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù ni ìgbà tí ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ bá gbé àdá. Ní 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọ ilé onílé lóru ní Ìkòròdú, wọ́n ń fi ọlọ fọ́ orí ọkọ, aya àti ọmọ. Ẹ̀rù tó ba Ìkòròdú nígbà náà kì í ṣe ẹ̀rù òfìfo. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òru fúnra wọn, nítorí pé wọn kò rí ọlọ́pàá tó pọ̀ tó. Ní oṣù keje ọdún 2017, apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó bá a rìn ń ti òde eré bọ̀, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ èrò ní Odògúnyàn. Wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọ́n lù wọ́n pa, wọ́n dáná sun wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kì. Àríyànjiyàn lórí ọgọ́rùn-ún náírà láàárín ọlọ́kadà kan àti àwọn èrò rẹ̀ ló fà á tí àwọn ọlọ́kadà fi ya bo ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá àwọn olórin ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn, wọ́n sì sun ún níná. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn náà ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde pé ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà: Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Èkó Island, Èkó Mainland àti Àpápá.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, ó sì yéni. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ìjọba ti mọ̀ pé ọ̀kadà ń pani? Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba kan náà ti sọ pé láti 2016 sí 2019, ilé ìwòsàn ìjọba nìkan ti kọ ìjàǹbá ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Maruwa tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sílẹ̀, pé àwọn tó kú sì ju 600 lọ. Òfin ìrìnnà ti lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475 láti 2012. Ọ̀kadà ṣì ń kọjá. Ikú tó ju 600 kò mú kí òfin ríṣẹ́ ṣe tó, àfi ìgbà tí fídíò ikú ọ̀kan ṣoṣo gba orí fóònù gbogbo ènìyàn. Ìjọba tó bá ń fi fídíò darí ìlú yóò máa sáré lẹ́yìn ariwo ni, ewu á sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ má jẹ́ ká dá ará ìlú lẹ́bi jù. Tí ènìyàn bá ń gba WhatsApp gbọ́ ju ọlọ́pàá lọ, ó nídìí. SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti kojú adigunjalè di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún ju adigunjalè lọ, títí ìwọ́de oṣù kẹwàá ọdún 2020 fi lé e kúrò nílẹ̀. Nínú ìwádìí NBS, ìdá 36.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbo ilé tí olè jà nílé ló lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Nínú àwọn tí wọ́n jí fóònù wọn, ìdá 11.7 péré ló sọ pé ohun tí ọlọ́pàá ṣe tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ẹni tó ti san owó bírò àti owó bébà ní tésàn kí wọ́n tó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Èkó lè ṣe láìra mọ́tò kan kún mọ́tò: kí wọ́n máa gbé iye ẹ̀sùn jáde lóṣooṣù, tésàn sí tésàn. Ìdigunjalè mélòó ló ṣẹlẹ̀, fóònù mélòó ni wọ́n já gbà, ènìyàn mélòó ni wọ́n jí gbé, ẹjọ́ mélòó ló dé kóòtù. Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn. Peckham ní London, tí ọmọ Yorùbá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, mọ ohun tí ìbẹ̀rù jẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gún Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá, pa ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti Èkó dé. Ikú ọmọ náà fún Peckham ní orúkọ tó ṣì ń bá a kiri. Àmọ́ láti 2011, ará Peckham tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò rẹ̀ lóṣù tó kọjá lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá, òpópónà sí òpópónà. Kò nílò kí aládùúgbò bá a bú àdúgbò náà tàbí kí ó bá a pọ́n ọn.

Owó kì í ṣe àwáwí. Láti 2007 ni Èkó ti ní àpò owó ààbò tí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń dá sí, tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ àti ohun èlò fún ọlọ́pàá. Àwọn tó ń dáwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ bóyá ọkọ̀ tí wọ́n rà ń lọ síbi tí olè wà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi gbígbé iye ẹ̀sùn jáde ṣe àdéhùn kí wọ́n tó bu owó ọdún tó ń bọ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, kí ẹni tí ìròyìn olè bá dé orí fóònù rẹ̀ lóru kọ́kọ́ pe 112 tàbí 767 kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Nọ́ńbà méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni.